Afẹ́fẹ́ Inú Táǹkì

“Má fi ọwọ́ rẹ súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀! Irin yìí kì í ṣe súyà tí o fẹ́ yan kó gbó.”

Ọ̀rẹ́dọlá ló ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá. Waris, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì irin tó wà lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó di ọwọ́ tíìgì, ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, mú, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ wá ojú ibi tí irin méjì ti pàdé. Iná funfun ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Irin yọ́, ó ń dán bí omi. Nígbà tí Waris gbé ọwọ́ kúrò, ojú jíjó náà pọ́n bí oyin níbẹ̀rẹ̀, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò níparí.

“Ṣé o rí i?” Ọ̀rẹ́dọlá tọ́ka sí ibi tó dúdú. “Afẹ́fẹ́ kò tó níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tó, gbogbo rẹ̀ á máa dán bí wúrà ni. Tó o bá ti rí i pé ó ń dúdú, ké sí mi. Ṣáà ti ní, ‘Afẹ́fẹ́,’ màá fi kún un.”

Ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ yẹn fún yín ká tó máa lọ, torí òun ló bí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi tíìgì jó sitéńlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í dógùn-ún, gáàsì kan máa ń ti inú sìlíńdà gba inú róbà wá sí ẹnu ọwọ́ tíìgì náà. Gáàsì yìí ló ń lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí kúrò lára irin tó ń yọ́, kí irin náà má baà dúdú. Áágọ́ọ̀nù ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa fi áágọ́ọ̀nù lọ́ ahọ́n ara rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́? Nínú ọgbà Ọ̀gbẹ́ni Akóredé, bàbá Ọ̀rẹ́dọlá, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é. “Ọ̀rẹ́dọlá, ṣí afẹ́fẹ́.” “Ọ̀rẹ́dọlá, pa afẹ́fẹ́.” Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kò sì ń gbaná bíi gáàsì ìdáná. Ohun tí kò rùn, tí kò gbaná, tó tún ń jẹ́ afẹ́fẹ́, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?

Ọ̀gbẹ́ni Akóredé kì í ṣe jórinjórin. Yàrá ìwádìí ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó kàn fẹ́ràn kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan ni. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ ìsinmi, bẹ́ẹ̀ ni òun ń wo fídíò àwọn tó ń jó irin, tí yóò máa dá a dúró, tí yóò máa dán an wò. Ọ̀rẹ́dọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló bá a kọ́ ọ. Wọ́n ti jó agbada gàrí fún ìyá Ọ̀gbẹ́ni Akóredé, wọ́n ti jó selífù ilé ìdáná. Ìgbà tí ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ gbọ́, wọ́n ní kí ó bá àwọn ṣe táǹkì omi kan kí Ọdún Àjíǹde tó dé.

Táǹkì náà ló wà níwájú wọn yìí. Ó ga dé àyà Ọ̀rẹ́dọlá, ó ń kọ mànà lábẹ́ oòrùn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìdí rẹ̀ nìkan ló kù, ibi tó jẹ́ pé inú lèèyàn gbọ́dọ̀ ti jó o, ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ẹnu àgbá lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Akóredé ti lọ sí Òde-Omi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni ìyá Ọ̀rẹ́dọlá ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, Bàbá sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Kí ó tó lọ, ó yọjú láti inú ọkọ̀, ó ní, “Ọ̀rẹ́dọlá, o ò gbọ́dọ̀ kó wọ inú táǹkì yẹn o. Má sì ṣí sìlíńdà títí n ó fi dé.”

“Kí ló dé, Bàbá mi?”

“Ṣe bí mo ṣe wí.” Ó ti ṣíná sọ́kọ̀, ó ń wo aago, ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́dọlá kò sì béèrè mọ́. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan tó. Bí ó bá tún béèrè, bóyá Bàbá ì bá pa ọkọ̀ náà, kí ó ṣàlàyé. Ó kàn ṣẹ́wọ́ sí i pé ó dàbọ̀.

Kí ló wá mú un rú òfin? Ohun tó ń mú gbogbo yín náà ni. Fàtáì, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wọn, ló kọ ọ́ sójú gbangba lórí fóònù níbi tí gbogbo kíláàsì ti ń tàkúrọ̀sọ: “Bàbá ẹ ló ń jó irin, ìwọ kàn ń ya fọ́tò.” Àwọn tó rẹ́rìn-ín sí i kò lóǹkà. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀rẹ́dọlá lára. Ó dá a lóhùn pé kí wọ́n dúró de ọjọ́ Ajé, wọn yóò rí fídíò táǹkì tí òun fọwọ́ ara òun parí. Ó ti lérí báyìí, kò sì fẹ́ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ló bá ké sí Waris. Waris tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè gba ẹnu táǹkì náà wọlé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, òun ló sì mọ ìṣirò jù ní kíláàsì wọn. Àwọn olùkọ́ ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ Ọ̀rẹ́dọlá pé kó kọ́ òun ní tíìgì.

Nígbà tí wọ́n dán an wò tán lórí tábìlì, Waris nu òógùn ojú rẹ̀. Oṣù Ramadan la wà, ètè rẹ̀ ti gbẹ. “Ooru yìí pọ̀ jù, Dọlá. Jẹ́ kí n lọ ṣínu ná, n ó padà wá.”

“Kí o ṣínu? Ilẹ̀ á ti ṣú nígbà yẹn. Kí ni fídíò fẹ́ mú nínú òkùnkùn?”

“Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé wọn ò ní bínú?”

Ọ̀rẹ́dọlá rẹ́rìn-ín. “Èmi ni wọ́n ní n má wọ inú rẹ̀. Wọn ò dárúkọ Waris.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ wo ọgbọ́n! Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ fi ń wọ wàhálà, tí wọn á máa rò pé àwọn rí ọ̀nà àbùjá ni.

Waris yọjú wo inú táǹkì. Ó fà sẹ́yìn. “Alángbá kan ti kú síbẹ̀.”

“Ooru ló pa á. Ọ̀kan wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà, èmi ni mo kó o dànù.” Òótọ́ ni. Lẹ́yìn tí Bàbá ti tú afẹ́fẹ́ sínú táǹkì náà ló bá a níbẹ̀, ó nà gbalaja, kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ó tún máa ń rí i pé bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ tán, Bàbá á dojú táǹkì náà bolẹ̀, á sì kọjú fáànù sí i. Ó rò pé kí irin lè tutù ni.

Waris kò tíì gbẹ́sẹ̀. Ó ń wo alángbá náà.

“Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?” ni Ọ̀rẹ́dọlá wí. “Kí n lọ pe Fàtáì, kó wá bá mi ṣe é?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló parí gbogbo rẹ̀. Waris bọ́ bàtà, ó gun àpótí, ó ki ẹsẹ̀ bọ ẹnu táǹkì, ó sì rọra yọ́ wọlé. Ọ̀rẹ́dọlá na ìbòjú sí i, ó na ọwọ́ tíìgì sí i, ó tún sọ róbà kejì sí i, èyí tí Bàbá máa ń fi tú afẹ́fẹ́ yí irin ká kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dúdú. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé ojú fèrèsé kó máa ya fídíò. Ó yí orí sìlíńdà. Róbà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Iná funfun tàn nínú táǹkì náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sára ògiri. Waris ń ṣe dáadáa. Ọ̀rẹ́dọlá ń gbọ́ bí ó ṣe ń sún díẹ̀díẹ̀ yí ìdí táǹkì náà ká.

“Afẹ́fẹ́!” ni ó ké.

Ọ̀rẹ́dọlá fi kún un.

Ó ṣe díẹ̀. “Afẹ́fẹ́!”

Ó tún fi kún un. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti ń ronú ohun tí yóò kọ sábẹ́ fídíò náà, kí Fàtáì kà á kí ojú tì í. Kò mọ̀ pé gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, pé bí omi ṣe ń kún garawa ló ṣe ń kún táǹkì náà láti ìdí, àti pé ìdí yẹn gan-an ni Waris tẹ orí sí.

Ìmọ́lẹ̀ ara ògiri ṣẹ́jú, ó kú.

“Dọlá...” Ohùn Waris kò dún bíi ti àkọ́kọ́. Ó fà, ó rọ̀, ó dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. “Dọlá, afẹ́... afẹ́fẹ́...”

“Ó ń bọ̀!” Ọ̀rẹ́dọlá dáhùn. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí orí sìlíńdà náà títí tí kò fi lè yí mọ́.

Afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run dá ni Waris ń tọrọ. Òmíràn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un.

Nǹkan kan já lu irin nínú táǹkì, gbàù. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun kankan mọ́ àfi súfèé róbà.

“Waris? Ṣé ó ti tó?”

Ó fi ọwọ́ gbá ara táǹkì.

“Waris, mi ò fẹ́ eré o.”

Ọ̀rẹ́dọlá gun àpótí, ó yọjú wò ó. Waris ti ká jọ sí ìdí táǹkì, ìbòjú ṣì wà lójú rẹ̀, ọwọ́ tíìgì ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pariwo orúkọ rẹ̀. Ó ki orí àti apá bọ inú táǹkì láti fà á lápá. Ó mí lẹ́ẹ̀kan. Ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ojú rẹ̀ ṣú, etí rẹ̀ ń hó, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Àpótí yí lábẹ́ rẹ̀, ó sì ṣubú sẹ́yìn sórí yẹ̀pẹ̀. Ká ní iwájú ló ṣubú sí ni, òkú méjì ni wọn ì bá kó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Orí ìdùbúlẹ̀ ló ti mọ̀ pé ohun kan wà nínú táǹkì yẹn tí kì í ṣe ooru. Ó rá lọ sídìí sìlíńdà, ó pa á. Ìgbà náà ni igbe tó jáde: “Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!”

Bọ̀ọ̀dá Àlímì, ọlọ́kadà tó ń gbé ní ilé kejì, ló kọ́kọ́ dé. Ó wo inú táǹkì lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè nǹkan kan, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ọ̀rẹ́dọlá fò mọ́ ọn, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

“Ẹ má wọ̀ ọ́, Bọ̀ọ̀dá! Ẹ ó kú síbẹ̀! Ẹ jẹ́ ká tì í ṣubú!”

Wọ́n tì í. Táǹkì náà dà lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo ńlá. Bọ̀ọ̀dá Àlímì fa Waris lẹ́sẹ̀ jáde. Ètè ọmọ náà ti di aláwọ̀ eérú. Wọ́n gbá a láyà, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, títí ó fi fa èémí kan ṣoṣo tó dún hòrò bí ẹni ń hanrun. Wọ́n gbé e sáàárín orí ọ̀kadà, Ọ̀rẹ́dọlá dì í mú láti ẹ̀yìn, wọ́n sì forí lé ilé ìwòsàn.

“Kí ló ṣe é gan-an?” Bọ̀ọ̀dá Àlímì ń pariwo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbá wọn lójú.

Ọ̀rẹ́dọlá rántí ojú Bàbá nínú ọkọ̀ láàárọ̀ yẹn. Irọ́ náà kò tilẹ̀ nira. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. “Ooru ni. Ooru àti ààwẹ̀.”

Gbogbo ayé ló gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Oṣù ààwẹ̀ ni, oòrùn sì ń jó èèyàn lórí. Dókítà Ẹnìtàn wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá níta sì fi ìka tẹ ọwọ́ Waris, ó mirí.

“Kí ló ń ṣe nígbà tó ṣubú?”

“Ó ń gbààwẹ̀ ni, mà,” ni Ọ̀rẹ́dọlá dáhùn. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn.

“Àwọn ọmọ yìí! Wọn ò ní í jí jẹ sààrì.” Nọ́ọ̀sì náà wá iṣan, ó fa omi oníṣúgà sí i lára. Omi náà ń kán tó, tó, tó. Waris ń mí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń dá a dúró, ó tún ń mí. Ètè rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà.

Ìyá Waris sáré wọlé, gèlè rẹ̀ ti tú, ìyẹ̀fun ibi tó ti ń po búrẹ́dì ṣì wà lápá rẹ̀. Ó wólẹ̀ tì í, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó ń pe Ọlọ́run. Nígbà tó gbójú sókè tó rí Ọ̀rẹ́dọlá, ó dìde, ó fà á mọ́ra.

“Àlímì ti sọ fún mi,” ni ó wí. “Ó ní ìwọ lo sọ bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́. Ìwọ lo gba ọmọ mi sílẹ̀. Ọlọ́run á gba ìwọ náà, ọmọ mi. O ò ní í rí ibi.”

Àdúrà náà ń jó Ọ̀rẹ́dọlá bí ata. Ó ń wo ètè Waris láti orí èjìká ìyá rẹ̀, ó ń wo omi tó ń kán. Ó mọ̀ pé kì í ṣe àìtó omi ló ń pa Waris. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà. Bí ó bá sọ̀rọ̀, Bàbá yóò gbọ́, kíláàsì yóò gbọ́, ìyá tó dì mọ́ ọn yìí yóò tú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, bóyá Waris á ṣì jí. Bóyá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ra bóyá.

Èémí Waris dúró. Ó pẹ́ kí ó tó tún padà.

“Gáàsì ni!” Igbe ló jáde lẹ́nu rẹ̀. “Kì í ṣe ààwẹ̀, gáàsì ni, mà! Èmi ni mo ní kó wọ inú táǹkì. Èmi ni mo ń tú u sí i. Ó ní òun fẹ́ afẹ́fẹ́, mo tún ṣí i sí i. Èmi ni!”

Ìyá Waris tú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà Ẹnìtàn jáde, ó gbọ́ gbólóhùn méjì péré, ó kígbe pé, “Ẹ gbé afẹ́fẹ́ wá fún un, kíá!”

“Rárá!” Ọ̀rẹ́dọlá sá sáàárín wọn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní afẹ́fẹ́ mọ́!”

Nọ́ọ̀sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọ́síjìn là ń wí. Èyí tí èèyàn ń mí.” Wọ́n yí sìlíńdà gíga kan wọlé, wọ́n bo imú àti ẹnu Waris. Nígbà tó ṣe, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò là.

Dókítà pe Ọ̀rẹ́dọlá sí kọ̀rọ̀. Kò bínú sí i, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. “Ọpọlọ tí kò bá rí afẹ́fẹ́ gidi máa ń kú díẹ̀díẹ̀,” ni ó wí. “Mi ò lè sọ bóyá inú táǹkì ló ti bàjẹ́ jù, tàbí ibí yìí nígbà tí o dákẹ́. Ìwọ náà kò ní í mọ̀ ọ́n láé. Ìyẹn lo máa bá gbé.”

Ọ̀gbẹ́ni Akóredé dé láti Òde-Omi lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ohun tí Ọ̀rẹ́dọlá ti ń bẹ̀rù pé yóò wí, kò wí ọ̀kankan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ó fi ọwọ́ gbá orí mú.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni ó ń wí. “Níbi iṣẹ́, a kì í wọ ibi tí gáàsì wà láìjẹ́ pé a ti fẹ́ ẹ jáde. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń jó irin, mi ò kọ́ ọ ní ohun tó lè pani níbẹ̀. Mo tún ń pè é ní afẹ́fẹ́. O bi mí ní kí ló dé, mo ní kí o ṣe bí mo ṣe wí.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ní n má ṣe é, Bàbá mi.”

“O mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ tèmi.” Ó dìde, òun ọ̀gá yàrá ìwádìí tó dàgbà ju Ìyá Waris lọ, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀rẹ́dọlá kúnlẹ̀ tì í lẹ́yìn, ó ń sunkún.

Ìyá Waris wò wọ́n títí. “Mi ò ní í ṣẹ́ èpè fún ọmọ ọlọ́mọ nínú oṣù ọlọ́wọ̀,” ni ó wí nígbẹ̀yìn. “Ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ́dọlá, bí Waris bá jí, ojoojúmọ́ ni wàá máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bó o bá pa ọjọ́ kan jẹ, n ó wá mú ọ nílé yín.”

Waris jí kí oṣù ààwẹ̀ tó parí. Inú gbogbo èèyàn dùn, wọ́n ń yin Ọlọ́run, títí tí wọ́n fi na ife omi sí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí omi sì dà sí i láyà. Ó mọ ìyá rẹ̀. Ó mọ Ọ̀rẹ́dọlá. Ṣùgbọ́n tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó máa ń dúró láàárín rẹ̀, yóò máa wo ẹnu àwọn tó yí i ká bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní díẹ̀ yóò padà. Kò sọ ìgbà, kò sì sọ iye rẹ̀.

Fídíò yẹn ṣì wà nínú fóònù. Ọ̀rẹ́dọlá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé, “Ó ń bọ̀!” tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó pa á rẹ́. Fàtáì kò béèrè fídíò kankan mọ́. Òun náà ń rìn bí ẹni tó jí nǹkan.

Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀, àga Waris ṣófo lọ́jọ́ ìṣirò. Ọ̀rẹ́dọlá kọ èyí tó lè kọ. Bí wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ilé Ìyá Waris ló gbà lọ, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́.

Waris jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀rẹ́dọlá fi pẹ́ńsù sí i lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó kó má baà gbọ̀n, wọ́n sì jọ ń kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Wọ́n ń fà á lọ. Nígbà tí wọ́n dé lẹ́tà tó kẹ́yìn, Waris wo ohun tí wọ́n kọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbójú sókè.

“Dọlá, ṣé mo mọ̀wé tẹ́lẹ̀?”

Ọ̀rẹ́dọlá ṣí ojú ewé mìíràn. “Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ó wí. “O mọ̀wé jù mí lọ. O mọ̀wé ju gbogbo wa lọ.”

Inú Waris dùn sí èsì náà. Ó ní kí wọ́n tún un kọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó dára, ó sì níyì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ kò bá mọ ewu rẹ̀, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí àgbà bá ní kí ẹ má ṣe nǹkan, ẹ má ṣe é, kí ẹ sì béèrè ìdí rẹ̀ títí wọn yóò fi sọ ọ́ fún yín. Ẹ má ṣe ti ọ̀rẹ́ yín síbi tí ẹ̀yin fúnra yín kò gbọ́dọ̀ dé nítorí àtigbayì lójú ẹlẹ́gàn. Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ tètè sọ òtítọ́, nítorí ẹni tó wà lórí ibùsùn kò lè dúró de ìgbà tí ẹ̀rù yóò kúrò lára yín.